Iye Ọmọ Ẹnjiníà Lábọ̀dé

"Olóògbé Oyèkànmí Lábọ̀dé, ẹnjiníà, gbé ọgọ́rin ọdún láyé. Kò bímọ."

Ìgbà kẹta nìyí tí ẹ̀rọ náà ń sọ ọ́ lọ́sàn-án yìí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, kò sì yí, bí ẹni tó ń sọ pé òjò kò rọ̀ lánàá. Àrínọlá, tí í ṣe àkọ́bí ọkùnrin tí wọ́n ní kò bímọ náà, fọwọ́ gbá tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀pà tó wà níwájú akọ̀wé fò dànù sílẹ̀.

"Èmi wá ni kí ni?" ló pariwo. "Iwin ni mí? Àádọ́ta ọdún ni mo fi pe ọkùnrin yẹn ní bàbá, tó sì ń dá mi lóhùn!"

"Ẹ má bínú, mà," ni akọ̀wé wí. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin sísanra tí ara rẹ̀ balẹ̀ jù, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀pà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Elétí-Ọfẹ́ ni."

Gbogbo Ìsàlẹ̀-Odi, ìlú tí odi kan ń dáàbò bò lọ́wọ́ òkun, ló ń pe ẹ̀rọ náà ní Elétí-Ọfẹ́. Ìjọba fún un ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n kọ sára ògiri, ṣùgbọ́n ta ló ráyè? Yẹtí dúdú tí òfin fi kọ́ gbogbo èèyàn létí, tọkùnrin tobìnrin, ló ń ṣòfófó fún un. Ohun tí etí rẹ bá ti gbọ́, Elétí-Ọfẹ́ náà ti gbọ́ ọ. Bí o bá kú, yóò ṣa èyí tó bá wù ú nínú rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ sínú òkúta kan tí kò ju ẹyin adìẹ lọ. Ọmọ rẹ á gbé òkúta náà lọ sílé, á bi í léèrè ọ̀rọ̀, òkúta á sì fi ohùn rẹ dáhùn. Bí o kò bá bímọ, ibi tí o ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n á gbé e lọ. Títí di òní, Àrínọlá kò rí ohun tó burú nínú òfin yìí. Ó ti jókòó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ìyá àgbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí òkúta náà bú u pé kó lọ wá nǹkan fi bo èjìká, ó sì rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn ún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn kì í pẹ́ dùn létí.

"Kí ló wá wà nínú òkúta bàbá mi?" ló bi í. "Kí ẹ̀rọ yín sọ ọ́. Mo fẹ́ gbọ́."

Ṣówándé tẹ nǹkan kan lórí tábìlì, Elétí-Ọfẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. "Olóògbé ló kọ́ mẹ́ta nínú ìlẹ̀kùn omi méje tó wà lára odi. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí bọ́ọ̀tì kan bá tú nínú ẹ̀rọ tó ń fa omi, etí lásán ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó sọ jù láyé rẹ̀ ni, 'Ẹ tún un wọ̀n.'"

"Nílé ńkọ́?"

"Kò sí ilé. Ariwo wà. Ìró àwo, ẹkún, ìjà lórí ẹran, orin tí kò parí. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ wákàtí. A ó gbá a dànù ní aago méjì."

Aago ara ògiri sọ pé ó ku ogójì ìṣẹ́jú.

Ariwo! Ariwo ni bàbá rẹ̀ tó fi ọ̀já pọn Oyèbísí sẹ́yìn lọ ka òṣùwọ̀n omi lórí odi, nítorí pé ibà dá ìyá wọn dùbúlẹ̀, tí ó sì ń kọ orin ìsìn kan náà lọ kọ ọ́ bọ̀ láìmọ ẹsẹ̀ kejì rẹ̀. Ariwo ni ọjọ́ tó wọn ẹsẹ̀ gbogbo wọn pẹ̀lú irin ìwọ̀n, kó lè gé àga ìjẹun ọ̀kọ̀ọ̀kan kó bá ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ mu, tí kálukú fi ń lé ẹlòmíràn kúrò lórí àga tirẹ̀ bí ẹni lé adìẹ. Ọkùnrin yìí máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wálé lọ́sàn-án, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, kó lè ro ẹ̀kọ fún Ládiípọ̀ nígbà tí ọmọ náà kò gbà kí ẹlòmíràn bọ́ òun. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é. Ẹ̀rọ kan wá jókòó, kò ní ọmú, kò ní inú, ó ní ariwo ni.

"Kí ló fà á?" ló tún bèèrè. "Ta ló sọ fún un pé kò bímọ?"

Ṣówándé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ojú rẹ̀ kò fẹ́ ko tirẹ̀. "Bàbá fúnra wọn ni, mà."

Ó yí gíláàsì tí ìwé ń hàn lára rẹ̀ sí i. Lọ́dọọdún ni ìjọba ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí gbogbo àgbàlagbà ìlú: orúkọ, àdúgbò, iṣẹ́, iye ọmọ. Ìwé Ẹnjiníà Lábọ̀dé ló tò síbẹ̀ yìí, ti ọdún méjìdínlógójì, tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ lọ́nà tó gún régé. Orúkọ wà níbẹ̀. Àdúgbò wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, tó fi mọ́ oríṣi bọ́ọ̀tì tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Nígbà tí Àrínọlá dé ibi tí wọ́n kọ iye ọmọ sí, ó rí ohun tí bàbá rẹ̀ kọ.

"Wọ́n ń bẹ," ni ti ọdún kìíní. Èkejì ní, "A dúpẹ́." Lẹ́yìn náà ó kọ, "Ẹ bi ìyá wọn." Lọ́dún kan inú rẹ̀ kò dùn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ṣé ẹ fẹ́ bá mi bọ́ wọn ni?" Òmíràn kàn ní, "Ọlọ́run ló ni wọ́n." Ọdún mẹ́fà tó tẹ̀ léra wọn ni kò tilẹ̀ kọ nǹkan kan, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbẹ̀, ó sì fi rúlà fà á.

"Ohun tí kì í bá ṣe nọ́ńbà, òdo ni Elétí-Ọfẹ́ ń kà á sí," ni Ṣówándé ṣàlàyé. "Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Àrínọlá dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Kò mọ ẹni tí ì bá bínú sí mọ́. Bàbá tó ń fi igi ìwọ̀n sínú ìkòkò ìrẹsì kó lè mọ̀ bí omi rẹ̀ ṣe jìn tó! Bàbá tó lù ú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ìgbà kan ṣoṣo tó lù ú rí, nítorí pé ó dáhùn ìṣirò kan pé "bí ogún ni"! Òun ló ń fi nọ́ńbà ṣeré nínú ìwé òfin, tó kó ìdílé rẹ̀ sí gbèdéke aago méjì. Ká ní ó wà láàyè ni, ì bá jẹ èébú lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lónìí, ọmọ náà ì bá sì wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lọ́la.

"Màámi," ó yíjú sí ẹ̀yìn, "ṣé ẹ mọ̀ sí eléyìí?"

Ìyá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ náà pátápátá. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kò tíì sọ gbólóhùn kan sí i. Ó ní òun kì í bá ohun tí kò ní ojú sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀ sí i," ni ìyá dáhùn.

"Ẹ mọ̀ sí i!"

"Àbí kí n dìtẹ̀ mọ́ ọkọ mi?"

Obìnrin kan wọlé, ó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, omi ń kán lára rẹ̀. Ó gbé àpótí kékeré kan tí wọ́n tẹ́ òwú sí. Ẹnjiníà Kúforíjì ni, tó ń ṣe olórí ibi iṣẹ́ odi báyìí. Ọ̀dọ̀ bàbá ló ti kọ́ṣẹ́, láti ìgbà tí kò tíì mọ bí a ti ń di sùpánà mú. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ara rẹ tutù. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà." Ó yíjú sí Àrínọlá, ojú sì tì í. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá gbé òkúta bàbá. Mo lérò pé àṣìṣe ni, àmọ́ wọ́n ní kí n máa bọ̀."

"Àṣìṣe ni," ni Àrínọlá wí. "Gbé àpótí rẹ padà."

Kúforíjì kò gbé e. "Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ìlẹ̀kùn Kẹta ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ tí bàbá ti kú. A ti tú u, a ti tún un dì, a ò rí nǹkan kan. Bàbá nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe é. Bí òkúta yìí bá wà lọ́dọ̀ wa, a ó kàn bi wọ́n ni. Òjò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìsàlẹ̀-Odi kan náà ni gbogbo wa ń gbé."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ohun tó sì tún bí Àrínọlá nínú nìyẹn. Bí èèyàn burúkú bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, èébú á tó o. Èyí èèyàn gidi ni, ó kúnlẹ̀ kí ìyá ẹni, ó sì ń bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́," ni Ṣówándé wí, ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Kò le rárá. Àkọ́bí olóògbé lè tún un ṣe. Ẹ gbé ọwọ́ lé orí tábìlì, ẹ búra, ẹ sọ iye ọmọ tí bàbá bí, kí wọ́n jẹ́ ìpè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó parí. Kìkì alààyè o. Òfin kì í ka òkú mọ́ ọmọ. Ìṣẹ́jú kan ni."

"Kí ló dé tí o kò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀?"

"Ẹ̀ ń pariwo, mà."

Àrínọlá fa èémí. Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, tábìlì náà sì tan iná àwọ̀ ewé lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bó ṣe ya ẹnu báyìí, ìyá rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí ìgbà tó dìde. Ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì bí ẹni fa ọwọ́ ọmọdé kúrò nínú iná.

"Rárá."

"Màámi!"

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìwọ wá fẹ́ ka ara rẹ?"

"Màámi, ẹ wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bí aago yẹn bá lù, ohùn tí Bàámi fi ń pè yín láti ẹnu ọ̀nà, ohùn tí wọ́n fi ń bá yín jà lórí iyọ̀, gbogbo rẹ̀ lọ. Ohùn tó kù á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀tì lórí odi fún àwọn tí kò bá wọn jẹun rí. Nítorí èèwọ̀ ayé àtijọ́? Àwọn tó ní èèwọ̀ yẹn kò gbé abẹ́ òkun. Ta ló ń ṣọ́ wa tó fẹ́ gbọ́ iye tí a jẹ́?"

"O ò mọ ohun tí ò ń sọ."

"Ẹ wá sọ fún mi kí n mọ̀ ọ́n!" Omijé ìbínú ti wà lójú rẹ̀. "Gbogbo yín ni, ẹ̀yin àti Bàámi. Ẹ ò ní í sọ nǹkan kan, ẹ ó máa retí kí a mọ̀ ọ́n. Ó ti sú mi. Ó sú mi pátápátá."

Ìyá náà jókòó sórí àga tí akọ̀wé ń fún àlejò, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ ohun tí wọ́n rà lọ́jà.

"Bàbá rẹ ti kà yín rí. Akànìyàn wá sílé lọ́dún yẹn, bàbá rẹ ń jẹun lọ́wọ́. Àwọn bàbá ilé yòókù ń lọ́ tìkọ̀, òun ń rẹ́rìn-ín. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ń nà án sí orí yín: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó ní, 'Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, márùn-ún gẹ́lẹ́, mo ti tún un wọ̀n.' Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó ti pẹ́. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni Ìlẹ̀kùn Kẹta já."

Àrínọlá mọ ìyókù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Omi wọ òpópónà wọn lọ́sàn-án gangan, Ìbídùn àbúrò rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà, ó lọ dá abọ́ ìjẹun kan padà fún aládùúgbò. Bàbá wọn wà lórí odi. Wọ́n pè é létí, wọ́n sọ fún un. Bó bá sọ kẹ̀kẹ́ irin tó dì mú sílẹ̀, gbogbo àdúgbò ló lọ, nítorí náà kò sọ ọ́ sílẹ̀ títí ìlẹ̀kùn fi padé. Ó wálé lálẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó bó. Ohun tí Àrínọlá kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ pẹ́ńsùlù.

"Ṣé Bàámi gbà pé kíkà ló pa á ni?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Bàbá rẹ? Kì í gba ohun tí kò bá lè wọ̀n gbọ́. Ó ní omi ló pa á. Ó ní irin tí wọ́n fi ṣe ìdè Ìlẹ̀kùn Kẹta kò nípọn tó." Ìyá tẹ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mọ́ra. "Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé yẹn dé. Ó jókòó tì í láti ìrọ̀lẹ́. Márùn-ún ló fẹ́ kọ, wọ́n ní òfin kì í ka òkú. Mẹ́rin ni wọ́n ń fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò kọ ọ́. Mo rí i, ó gbé bírò lé ìwé, ọwọ́ ò kọ ọ́. Ó wò mí, ó ní, 'Ìyá Àrínọlá, èwo ni n ó yọ?' Mo ní kó kọ ohun tó bá wù ú. Lọ́dọọdún náà ló ń kọ ohun tó bá wù ú."

Ṣówándé ti gbé ẹ̀pà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kúforíjì ń wo bàtà rẹ̀, nítorí òun ló ń tọ́jú Ìlẹ̀kùn Kẹta báyìí, kò sì sí ẹni tó sọ ìtàn yìí fún un rí. Ọdún méjìlá ló fi tẹ̀ lé bàbá kiri ìlẹ̀kùn yẹn.

Àrínọlá tún wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é, àánú ọ̀hún sì tún ń bí i nínú, nítorí pé àánú kò dá aago dúró. Ó dára, bàbá kò lè kọ mẹ́rin. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tàgbà tèwe wọn ni yóò di òdo. Ìbídùn á gbà. Ọmọ tó lọ dá abọ́ padà láìjẹ́ pé wọ́n rán an, á gbà. Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì.

"Màámi, ẹ má fà mí."

Ìyá kò fà á.

"Mo búra," ni Àrínọlá wí. "Mẹ́rin."

"Mẹ́rin," ni Elétí-Ọfẹ́ tún un sọ. "Ṣé wọ́n tán?"

Ìbéèrè náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àrínọlá ya ẹnu. "Bẹ́ẹ̀ ni" ló yẹ kó sọ, ọ̀rọ̀ tó ń sọ nígbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ gbé e dé ẹ̀yìn eyín, ó sì dúró síbẹ̀, bí bírò bàbá rẹ̀ ti dúró lórí ìwé.

"Ṣé wọ́n tán?" ni ẹ̀rọ tún bèèrè.

"Rárá," ni Àrínọlá wí. "Wọn ò tán. Márùn-ún ni. Kọ ọ́. Márùn-ún!"

"Ah, màdáámù!" Ṣówándé fọwọ́ lérí. "Ẹ ti búra! Bí ẹnì kan kò bá jẹ́ ìpè nínú wọn, ó bàjẹ́ nìyẹn. A ò tún lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́."

"Ká a lọ," ni Àrínọlá dáhùn. Orí ti bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ.

Elétí-Ọfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ, bí Àrínọlá ti ń dárúkọ wọn fún un. Orúkọ Àrínọlá ló kọ́kọ́ pè, ó sì jẹ́. Ó pe Oyèdèjì létí yẹtí rẹ̀, níbi tó ti ń wa ọkọ̀ ẹrù lórí òkun. Ariwo ẹ́ńjìnnì gba gbogbo yàrá. "Ta nìyẹn?" ni Oyèdèjì bú jáde. Ẹ̀rọ ní ìdáhùn náà kò bófin mu. "Mo ní ta nìyẹn?" Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kígbe mọ́ ọn kó tó sọ pé òun wà. Oyèbísí wà ní kíláàsì tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dáhùn. Ládiípọ̀ ní, "Mo wà o. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọn ò tíì dá yín lóhùn láti àárọ̀ ni? Ìlú yìí á pa èèyàn." Ẹ̀rọ gba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀.

"Ìbídùn Àwẹ̀ró Lábọ̀dé," ni Elétí-Ọfẹ́ pè.

Kò sí ìdáhùn. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

"Kò sí yẹtí tó ń jẹ́ orúkọ yìí," ni ẹ̀rọ wí. "Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje kì í ní yẹtí. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Àrínọlá wo Ṣówándé. Ṣówándé wo ẹ̀pà rẹ̀. Lọ́dún tí omi wọlé, ta ló ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀? Ìwé gan-an bómi lọ.

"Mẹ́fà."

Ìyá ló dáhùn. Ó ti dìde, ó ti kọjú sí ẹ̀rọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń bá ọmọ ilé ìwé tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ sọ̀rọ̀, lọ́ra lọ́ra.

"Ta ló ń dáhùn?"

"Ìyá tó bí i."

"Ọjọ́ orí ọmọ náà, ẹ tún un sọ."

"Ọdún mẹ́fà. Kò lé, kò dín."

Iná àwọ̀ ewé náà ṣẹ́jú. "Ó kéré sí ọdún méje. Ìyá rẹ̀ lè dáhùn fún un. Ilé-iṣẹ́ Odi, ṣé ẹ ní àtakò?"

Gbogbo wọn wo Kúforíjì. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu rẹ̀, òkúta náà di tirẹ̀, Ìlẹ̀kùn Kẹta sì rí ẹni bi. Ó gbé àpótí náà mọ́ àyà.

"Kò sí," ló wí. Ó pa ìdérí àpótí náà dé. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ sínú ara rẹ̀, àmọ́ gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òjò yìí tètè dé."

"O mọ ilé," ni ìyá wí fún un láìwẹ̀yìn. "Wá bi í níbẹ̀. Máa jẹun kó o tó máa bi í."

"Ọ̀rọ̀ kan kù," ni Elétí-Ọfẹ́ wí. "Bàbá ọmọ ọdún mẹ́fà yìí ti di olóògbé. Òfin ní a gbọ́dọ̀ mọ ọkùnrin tí ọmọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ta ni?"

Àrínọlá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó tán! Wọ́n ti rìn ín dé ẹnu ọ̀nà, òfin mìíràn tún yọ ẹsẹ̀ dí wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù, ó sì ń rò ó bóyá Oyèdèjì ni kí òun dárúkọ, bóyá Ládiípọ̀, èwo nínú wọn ni yóò tún lè purọ́ láìbèèrè ìdí.

Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ rò ó.

"Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló wà."

"Bàbá rẹ̀ ti kú."

"Mo gbọ́. Èmi ni mo sin ín. Òun náà ni mo wí."

"Orúkọ rẹ̀ ní kíkún."

"Oyèkànmí Àjàgbé Lábọ̀dé," ni ìyá wí. "Ẹnjiníà ni. Ọmọ náà ti dúró dè é títí, ọdún mọ́kàndínlógójì. Bàbá rẹ̀ ti lọ bá a lọ́jọ́ kẹsàn-án òní."

Ẹ̀rọ náà ń wá a. Nínú gbogbo orúkọ tó wà ní Ìsàlẹ̀-Odi, òkú àti alààyè, ó ń wá ọkùnrin kan tó lè tọ́jú ọmọ. Ṣówándé ti dìde dúró láìmọ̀. Abẹ́rẹ́ aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan méjì, Àrínọlá sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"A ti rí i," ni Elétí-Ọfẹ́ wí. "Márùn-ún pé, ẹ gba òkúta. Ọmọ wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀."